Àwọn àwo orin tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin débi pé ẹ ò lè fọ abọ́ kí nǹkan má máa dún létí yín, ẹ̀yin gan-an ni mò ń kọ eléyìí sí. Etí mi òsì ń hó. Ó ń hó bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ìró tín-ínrín kan báyìí tó ń dún "fíí" tọ̀sán tòru, dókítà sì ti sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kó má lọ mọ́. Mi ò kọ ọ́ kẹ́ ẹ lè káàánú mi o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni, torí ọ̀nà tó gbà wọlé sí mi lára yẹn, ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà lójú ẹ̀ báyìí. Mo sì tún fẹ́ sọ ohun tó ṣe sí orin fún mi, torí àwọn àwo tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, mo ní láti tún gbogbo wọn gbọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, ìdájọ́ mi lórí wọn sì yí padà.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ṣómólú l'Ékòó. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni, ojúlé sí ojúlé, ẹ̀rọ ló ń dún. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord tó wà níwájú mi kọ́ ni wàhálà o, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri ló burú, torí tí ò bá ti sí iná, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ìgbà, tiwa àti tàwọn aládùúgbò á jọ máa ké, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Kí n lè gbọ́ orin nínú ariwo yẹn, mo ra ìapíìsì, irú èyí tó ń wọnú ihò etí, mo sì yí ohùn ẹ̀ sókè títí tí mi ò fi gbọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa: ariwo ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan, ó ṣì ń wọlé, mo kàn da ariwo míì lé e lórí ni. Tí fóònù bá kìlọ̀ pé ohùn yìí ti pọ̀jù, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kúrò lójú ẹ̀ ni. Láti àárọ̀ títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù, ọdún dé, ọdún lọ.

Àmì ti ń fara hàn tipẹ́. Lálẹ́ tí mo bá délé, ìyàwó mi á máa sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná, mo máa ń gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀, mi ò kàn ní mọ ohun tó ń sọ. Ohùn ẹ̀ ń wọlé, bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ ni mò ń gbọ́, ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀, àfi bíi pé gángan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ tí èmi ò sì gbọ́ èdè ìlù. Tó bá pè mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tí mi ò dáhùn, ó máa ń rò pé mò ń bínú ni, ìjà tá a sì jà lórí ẹ̀ ò kéré. Tó bá di àárọ̀, etí á ti là, mo máa ń gbà pé àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: etí tó wúwo lálẹ́ tó sì là láàárọ̀, ẹ má pè é ní àárẹ̀. Ó ti ń fara pa nìyẹn. Ó kàn ṣì rí okun gbéra ni, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ò ní là mọ́.

Ọjọ́ yẹn dé fún mi lẹ́yìn ìnáwó kan. Olórin fújì ni wọ́n pè, wọ́n sì gbé tábìlì wa síwájú sípíkà gogoro kan tó ga ju èèyàn lọ. Inú mi dùn, mo jó, mo náwó, mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbà tí mo délé etí mi ń hó, ìyẹn ò jẹ́ tuntun, mo sùn. Mo jí, ó ń hó. Ó di ọjọ́ Ajé, ó ń hó. Apá òsì tí mo kọ sí sípíkà yẹn ló burú jù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ má ṣe. Ẹnì kan ní ìdọ̀tí ló dí i, kí n fi igi olówùú rò ó, mo rò ó, mo tún ti ìdọ̀tí wọnú lọ sí i. Ẹlòmíì ní kí n kán àdí gbígbóná sí i. Kẹ́míìsì ta oògùn etí fún mi láìwo inú ẹ̀. Bùrọ̀dá kan ládùúgbò ní wọ́n ń dárúkọ mi níbi tí ò dáa ni, kí n gbàdúrà, mo gbàdúrà, àdúrà ò sì burú, àmọ́ ọ̀sẹ̀ ń lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dé ọsibítù ni wọ́n tó sọ fún mi pé tí etí bá ṣàdédé di, tí èèyàn ò gbọ́ràn mọ́ lójijì, kíá ló yẹ kó wá, torí irú kan wà níbẹ̀ tí oògùn lè ràn lọ́wọ́ tó bá tètè débẹ̀, tí ò sì ní lè ṣe nǹkan kan fún un tó bá pẹ́.

Dókítà etí tí wọ́n darí mi sí, ọmọdébìnrin ni, ó sì ní sùúrù. Ó ní, "Sà, ṣé ẹ ti lo kuiníìnì láìpẹ́ yìí? Ṣé wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ gentamicin?" Ó ní àwọn méjèèjì wà lára oògùn tó lè mú etí hó. Mo ní rárá. Ó ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Bí mo ṣe dárúkọ ilé ìtẹ̀wé báyìí, ó mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan tí ò gba ariwo wọlé, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí mo bá ti gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré mọ. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dúró. Mo rò pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo gbójú sókè wo obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ni mo rí i pé ó ti ń tẹ nǹkan tipẹ́, pé ìró ti ń wọlé tí mi ò gbọ́. Kò sí ohun tó tíì bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlà tí wọ́n yà sórí ìwé, ó ń lọ geere, nígbà tó dé nǹkan bíi 4,000 Hertz, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe tín-ínrín tó, ó já wálẹ̀ ṣòò, lẹ́yìn náà ó tún gbéra díẹ̀. Dókítà ní ibẹ̀ gan-an ni ariwo máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. "Àwọn irun wínníwínní kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ìró, sà. Tí ariwo bá ti pa wọ́n, wọn kì í hù padà." Ó wá ṣírò nǹkan kan fún mi tí mo padà kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ariwo tó bá tó 85 dẹ́síbẹ̀lì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó, wákàtí 8 lóòjọ́ ni kéèyàn má kọjá nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 3 péré kún un, àkókò yẹn á di ìlàjì, wákàtí 4. 3 míì, wákàtí 2. Nígbà tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Tàwọn tó ń gbọ́ orin, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má kọjá 80 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan láyé ló ń fi gbígbọ́ orin báyìí wu etí wọn léwu. Tẹ́ ò bá ní ohun tẹ́ ẹ máa fi wọn dẹ́síbẹ̀lì, ẹ fi èyí dán an wò: tí ẹni tó wà nítòsí yín tó ọwọ́ nà bá ní láti pariwo kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, ibẹ̀ ò dáa fún etí.

Mo bá jáwọ́ nínú orin. Mo yọ ìapíìsì, mo pa rédíò, mo ní kò sí orin mọ́ láyé mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ lóru ni ìró yẹn máa ń pariwo sí jù, mo máa ń dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láago mẹ́ta òru, orí á máa gbóná, omi á bọ́ lójú mi, ìyàwó mi á dìde bá mi jókòó láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo padà lọ ni dókítà ní kí n má fi etí sílẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí nǹkan kékeré máa dún, fáànù tàbí orin tí ohùn ẹ̀ wálẹ̀, kí ọpọlọ lè rí nǹkan míì gbájú mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti padà sídìí orin. Sípíkà kékeré kan, lórí tábìlì, ní ìdájí kí àdúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀, ohùn ẹ̀ ò ju ohùn èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá lọ. Àwo kan láàárọ̀, látòkè délẹ̀, mi ò sì fo nǹkan kan.

Haruna Iṣọ̀lá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Oroki Social Club, àwo àpàlà tó jáde lọ́dún 1971. Àwo yìí ti wà nílé bàbá mi, mo mọ orin ẹ̀ láti òkè délẹ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ jẹ́jẹ́, ẹ máa rí i pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ń bá ẹnìkejì du àyè. Agídìgbo wà nísàlẹ̀, ó ń rìn lọ tiẹ̀, àwọn ìlù ń fèsì, agogo dúró síbì kan, bàbá ará Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn á wá gbé ohùn ẹ̀ lé gbogbo ẹ̀ lórí pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kò ní kánjú, òwe kan á tẹ̀lé òmíì. Kò sí gìtá, kò sí nǹkan tó ń jẹ iná. Níbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tó ti kúrò lọ́wọ́ mi: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fi ọ̀tún kọ sí sípíkà, mò ń gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀ ṣe ń họ igbá, ṣàà, ṣàà. Tí mo bá yí òsì sí i, igbá nìkan ló kù, ó ń dún gbì, ìlẹ̀kẹ̀ ti lọ. Mo yí orí báyìí, mo tún yí i, bóyá mo fi ìdajì wákàtí ṣe ìyẹn nìkan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ ná, mi ò sọ pé gbogbo àwo tó bá ṣubú ní ohùn jẹ́jẹ́ ni ò dáa o. Bí Ọlọ́run ṣe dá etí èèyàn, tí ohùn bá ti wálẹ̀, bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún gbìgbì, ló máa ń kọ́kọ́ sọ nù, etí tó dáa gan-an náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Orin tí wọ́n kọ́ lé orí bẹ́ẹ̀sì, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lórí fóònù lásán, ẹ ò tíì gbọ́ ọ. Exodus ti Bob Marley, 1977, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní London lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn fún un ní Jàmáíkà, bẹ́ẹ̀sì Aston Barrett ni ilé tí gbogbo ẹ̀ ń gbé, ní orí sípíkà kékeré mi ṣe ló dà bíi pé wọ́n kó ilé yẹn lọ. Mo máa ń fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú, lórí sípíkà ńlá pálọ̀, kí n jókòó jìnnà sí i, kó má pẹ́. Àwo ńlá ni. Mi ò kàn lè gbọ́ ọ lójoojúmọ́ mọ́ ni.

Ti Sunny Adé ló yà mí lẹ́nu jù. Juju Music, 1982, èyí tó ṣe fún ilé iṣẹ́ agbórinjáde Island Records tí òyìnbó ará Faransé kan, Martin Meissonnier, sì bá a ṣe é. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ pé òyìnbó ti gé orin yẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, torí àwọn àwo ẹ̀ tilé, ojú àwo kan, orin kan tó ń ṣàn wọnú òmíì láìdúró, ìyẹn gan-an sì ni adùn jùjú fún èmi. Mo ti bá àwọn èèyàn jiyàn lórí ẹ̀ débi ká má kí ara wa. Ní ohùn jẹ́jẹ́ báyìí, mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí níbẹ̀: àyè tí wọ́n fi sáàárín gìtá kan àti òmíì. Gìtá bíi mélòó kan ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ lẹ́nu, gángan ń dá sí i, gìtá onírin tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń fà á wá gba òkè kọjá fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó lọ. Nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, gbogbo ìyẹn pa pọ̀ di nǹkan kan ṣoṣo létí mi. Mo ṣì fẹ́ràn àwọn àwo tilé ju èyí lọ, mi ò kúrò níbẹ̀, àmọ́ pé ó gé orin wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Fújì ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń lọ òde ní, "Ìwọ náà, ṣé wọ́n ń gbọ́ fújì jẹ́jẹ́ ni?" Mo ní wọ́n ń gbọ́ ọ. Fuji Garbage ti Bàrísítà, 1988, mo gbé e sílẹ̀, ìlù sọ agbára nù lóòótọ́, kò lè gbé èèyàn dìde jó mọ́, ṣùgbọ́n ohùn Àgbà Fújì dúró digbí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sì wá mọ́ gaara. Nígbà tí mo rò ó, mo rí ìdí ẹ̀. Inú wéré ni fújì ti jáde wá, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú Rámádàánì. Ìta ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ohùn tí wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà, tó bá tọ̀nà jíjìn wá, á ṣì dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn sípíkà gogoro tá a wá ń tò sójú agbo lónìí, kì í ṣe fújì ló bẹ̀ wá ní wọn, àwa la fẹ́ràn kí àyà wa máa gbọ̀n.

Fẹlá, mo gbọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn. Zombie kọ̀ jálẹ̀, orin ogun ni, àwọn fèrè yẹn fẹ́ kó yín láyà, tẹ́ ò bá fún wọn láyè kò ní yọ. Àmọ́ Water No Get Enemy, èyí tó wà lójú kejì àwo Expensive Shit tí wọ́n ṣe lọ́dún 1975, ó tún dáa sí i ni. Ẹ tẹ́tí sí ìlù Tony Allen nìkan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ gbàgbé ìyókù. Kò lu ú kíkan rárá. Ẹsẹ̀ ń sọ tiẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń sọ tiẹ̀, tòsì ń sọ tiẹ̀, síbẹ̀ kò sí ibi tí wọ́n ti gbá ara wọn. Mo ti ń gbọ́ orin yẹn kí n tó mọ ìwé kà, àárọ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìlù ẹ̀.

Mo tún gbọ́ tàwọn òyìnbó, torí èmi ò kì í ya orin sọ́tọ̀. Metallica, ẹgbẹ́ olórin onígìtá líle yẹn, wọ́n ṣe Death Magnetic lọ́dún 2008. Nígbà tí mo wà nínú ariwo ẹ̀rọ, àwo yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú tiwọn, torí òun nìkan ló ń borí jẹnẹrétọ̀. Mo wá mọ ìdí ẹ̀ báyìí. Wọ́n ti ohùn gbogbo nǹkan sókè dé òrùlé ni, ohun tó yẹ kó rọra sọ̀rọ̀ àti ohun tó yẹ kó ké, gbogbo wọn ga bákan náà, ohùn sì ń ya níbì kan. Àwọn ololùfẹ́ wọn gan-an bínú sí i, torí àwo kan náà tó wà nínú géèmù Guitar Hero, wọn ò tì í sókè tó bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́ ju ti àwo lọ. Tẹ́ ẹ bá yí àwo bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, kò ní di jẹ́jẹ́, á kàn di ariwo tó kéré. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi irú orin náà, ẹ gbé Master of Puppets ti 1986 sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Gìtá pẹ́lẹ́ ló fi ṣílẹ̀kùn, nígbà tí ìjà bá wá dé, ẹ máa mọ̀ pé ìjà dé, torí ẹ ti rí ibi tí ò sí ìjà.

Kind of Blue ti Miles Davis, afunfèrè jáàsì, àti dùùrù Glenn Gould, ilé kan náà ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀, sítúdíò Columbia tó wà ní 30th Street ní New York, ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀. Ti Miles, 1959. Kò fẹ́ fi ara ẹ̀ hàn yín, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a. Òun ni mo máa ń gbọ́ jù lóru, torí ìró etí mi kì í bá a jà. Gould wá gba orin Bach kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn Goldberg Variations, lọ́dún 1955 tó ṣì jẹ́ ọmọdé, àti 1981 tó kù díẹ̀ kó kú. Ti àkọ́kọ́ ń sáré, ó ń fi agbára hàn, ó dùn mọ́ mi nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé. Ti 1981 ni tèmi báyìí. Ohùn ìkẹyìn lápá ọ̀tún dùùrù, 4,186 Hertz ni, ibi tí etí mi ti já gan-an nìyẹn, mo sì ti ń bẹ̀rù pé orin dùùrù ò ní wúlò fún mi mọ́. Ká sòótọ́, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Gould ń kùn lábẹ́ ọ̀fun bó ṣe ń tẹ dùùrù, ẹ máa gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, àwọn kan ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́. Ní tèmi, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan wà nínú yàrá pẹ̀lú mi, mo sì nílò ẹnì kan láwọn òru yẹn.

Mo kà nípa Brian Eno, olórin ará Ìlú Ọba kan tí mọ́tò gbá lọ́dún 1975. Ó dùbúlẹ̀ nílé, ẹnì kan gbé àwo orin háàpù wá fún un, ó gbé e sílẹ̀ ó lọ, ohùn ẹ̀ ti kéré jù, sípíkà kan ò sì ṣiṣẹ́, Eno ò sì lè dìde tún un ṣe. Bó ṣe dùbúlẹ̀ tó ń gbọ́ orin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́ ìró òjò, ó rí i pé irú orin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Àwo tó tìdí ẹ̀ jáde, Discreet Music, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, ó máa ń sú mi. Ìtàn yẹn ló gbé mi dìde, torí ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn ni, sípíkà kan ṣoṣo ló ní, bíi tèmi.

Àwo Brazil kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá wá rí gbọ́. Os Afro-Sambas, 1966, Baden Powell lórí gìtá, Vinicius de Moraes ló kọ ọ̀rọ̀ orin. Ọ̀sanyìn wà níbẹ̀, Ṣàngó, Yemọja, Èṣù, orúkọ wọn ní ohùn Potogí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, inú ìapíìsì nínú ariwo, mo pa á láàárín, mo ní wọ́n ń pe orúkọ òrìṣà wa ní ìpèkúpè. Ní ìdájí, ní ohùn jẹ́jẹ́, mo gbọ́ bí gìtá yẹn ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìlù, àtàǹpàkò ń lu ìsàlẹ̀, ìka tó kù ń fèsì. Mi ò tún ráyè ronú sí ìpèkúpè mọ́. Àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lọ sókè òkun, tí wọ́n sì gbé orúkọ yẹn dé ọdún 1966, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó kù, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwo àkọ́kọ́ Aṣa, 2007, kò ní àléébù kankan létí mi, gìtá àti ohùn, ó tó. Amazing Grace tí Aretha Franklin kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Los Angeles lọ́dún 1972, mo rò pé á ṣubú torí ariwo ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ níbẹ̀, kò ṣubú, ẹ máa gbọ́ ìjọ tó ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Buena Vista Social Club ti àwọn àgbà Cuba, 1997, dùùrù Rubén González nìkan tó owó tẹ́ ẹ máa ná sí i. Sákárà ni mi ò tíì lè padà sí, gòjé máa ń há mọ́ ibi tí etí mi ti bà jẹ́ gan-an, ó máa ń dùn mí, bàbá mi ò sì fi Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà yẹn, ṣeré.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ohun abo-etí ńlá bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú ni mò ń lò báyìí, kò sí orin lábẹ́ ẹ̀. Tí mo bá ń lọ òde, mo máa ń fi nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń dí etí, tí wọ́n fi fóòmù ṣe, sápò, kẹ́míìsì ńlá ń tà á, kò wọ́n, kì í dí orin pa, ó kàn ń mú un wálẹ̀ ni. Tí wọ́n bá gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, mo máa ń kí olúwa ìnáwó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí n sì gbé àga mi kúrò, kò sẹ́ni tó tíì bá mi jà.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló le. Mo ra abo-etí fún òun náà, ó gbà á, ó sì lọ ki ìapíìsì sábẹ́ ẹ̀. Mo pè é jókòó, mo ní kó fi ìwé àyẹ̀wò mi tí ìlà ti já wálẹ̀ yẹn sọ́wọ́, mo sọ ibi tí mo wà nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣe láìsí orin o." Òótọ́ ló sọ, èmi náà mọ̀. A wá fẹnu kò sí i pé lọ́sàn-án tá a bá pa jẹnẹrétọ̀ ká lè jẹun, a ó gbé sípíkà kékeré sílẹ̀, àwo kan, látòkè délẹ̀, òun á mú tiẹ̀ wá lónìí, èmi á mú tèmi wá lọ́la. Made in Lagos ti Wizkid ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó dùn, pé kò pariwo, àmọ́ pé sípíkà mi ti gba bẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kó gbé sípíkà tó sàn ju èyí wá kí n tó dájọ́. Ó ní òun ń tọ́jú owó sípíkà yẹn.